Ta Ló Ni Òfin Tí Oníbàárà Ń Dì Mú ní Yúróòpù?

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1989, nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin ńlá tó wà ní àárín ìlú Milan, àwọn tó ń polówó ọjà dá obìnrin kan dúró lọ́nà. Ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń fi ìwé ránṣẹ́ kọ́ èèyàn nílé ni wọ́n ń tà. Wọ́n rọ̀ ọ́, ó buwọ́ lùwé. Nígbà tó délé, ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó rí i pé ọjà náà kò wúlò fún òun. Kò tó ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà tó fi kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ yẹn pé òun kò ṣe mọ́. Wọ́n dá a lóhùn pé àwọn ti gbé gbèsè náà lé ilé iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́. Ìyẹn sì gbé e lọ sí kóòtù ní Florence pé dandan ni kó sanwó.

Ẹ̀tọ́ obìnrin yìí wà lákọsílẹ̀. Láti ọdún 1985 ni àjọ tí a wá mọ̀ sí EU (European Union, àjọ ìṣọ̀kan àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù) lónìí ti fi ìlànà 85/577 lélẹ̀ pé ẹni tí òǹtàjà bá ká mọ́ ìta ṣọ́ọ̀bù tó sì tajà fún gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ méje, ó kéré tán, láti yí ọkàn padà. Gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú àjọ náà ló yẹ kó ti sọ ìlànà yìí di òfin ilẹ̀ wọn kí oṣù Ọ̀pẹ̀ ọdún 1987 tó parí. Ítálì kò ṣe é títí di ọdún 1992. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí obìnrin yẹn buwọ́ lùwé, kò sí òfin Ítálì kankan tó fún un ní ọjọ́ méje.

Adájọ́ Florence kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ Ilé Ẹjọ́ EU ní Luxembourg. Ní ọjọ́ 14 oṣù Agẹmọ ọdún 1994, ìdáhùn dé lórí ẹjọ́ C-91/92. Wọ́n ní ìlànà náà ṣe kedere, ẹni tó wà fún hàn, ọjọ́ méje náà kò sì ní ìtumọ̀ méjì. Síbẹ̀, obìnrin náà kò lè fi í bá ilé iṣẹ́ aládàáni jà. Ìjọba ni ìlànà ń bá sọ̀rọ̀. Kì í bá ọlọ́jà sọ̀rọ̀ tààrà.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Dublin, Hamburg, Madrid tàbí Milan máa ń sọ fún ọlọ́jà pé “òfin EU ní kí ẹ dá owó mi padà.” Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ kò pé. Òfin ilẹ̀ tí ẹ ń gbé ni ẹ máa dì mú lọ sí kóòtù. Ìlànà EU ni awò tí adájọ́ gbọ́dọ̀ fi ka òfin yẹn. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ méjèèjì yóò máa di ẹ̀tọ́ mú níbi tí kò ti ṣeé dì mú.

Ẹ jẹ́ ká ya oríṣi méjì sọ́tọ̀ kíákíá. Èkíní ni Regulation. Gbàrà tí ọjọ́ tí wọ́n dá fún un bá pé, ó ti di òfin ní gbogbo orílẹ̀-èdè 27 náà, láìsí pé ilé aṣòfin kankan tún jókòó lé e lórí. Àpẹẹrẹ tó kan ilé wa ni Regulation 261/2004 lórí ìrìnàjò òfuurufú. Bí ẹnì kan bá wọ bàálù ilé iṣẹ́ EU láti Èkó lọ sí Paris, tí ó sì fi wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ́ débẹ̀ láìsí ìdí tó ré kọjá agbára ilé iṣẹ́ náà, €600 ni owó ìtanràn rẹ̀, torí pé ìrìn náà ju kìlómítà 3,500 lọ. Bó bá jẹ́ bàálù ilé iṣẹ́ Nàìjíríà ló gbé e láti Èkó, Regulation yẹn kò kàn án. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ láti Paris ló ti gbéra wá sí Èkó, ó kàn án, ilé iṣẹ́ yòówù kó gbé e. Tààrà ni gbogbo èyí. Ẹ kò nílò òfin Faransé kankan láti béèrè owó náà.

Èkejì ni Directive, òun ni mo ń pè ní ìlànà. Abala 288 nínú Àdéhùn EU ló sọ irú ẹni tó jẹ́: ó de ìjọba mọ́ àbájáde, ó sì fi ọ̀nà tí wọ́n máa gbà dé ibẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Bí ìgbà tí olórí ẹbí bá sọ pé kí gbogbo ilé tún òrùlé wọn ṣe kí òjò tó dé, tí kò sọ bóyá páànù ni kí wọ́n fi ṣe é àbí koríko. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀tọ́ kan náà fi ń jẹ́ orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní Jámánì, inú ìwé òfin aládàáni wọn tí wọ́n ń pè ní BGB ni ẹ ti máa bá a. Ní Faransé, Code de la consommation ni. Ní Ítálì, Codice del consumo ti ọdún 2005. Ní Ireland, Consumer Rights Act 2022. Ẹ̀tọ́ àtọwọ́ ìlànà kan náà ló wà nínú wọn, aṣọ tí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan wọ̀ fún un ló yàtọ̀.

Kí wá ni oníbàárà lè ṣe nígbà tí ìjọba bá fi nǹkan falẹ̀ tàbí tó bá ṣe é láàbọ̀? Ọ̀nà tó lágbára jù ni èyí tí a ó rí nínú ẹjọ́ sítóòfù kan.

Ní oṣù Ògún ọdún 2002, ilé iṣẹ́ Quelle, tó ń fi ìwé àwòrán ọjà tajà káàkiri Jámánì, fi sítóòfù ìdáná ránṣẹ́ sí oníbàárà kan ní €524.90. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2004, àbùkù yọ nínú rẹ̀, kò sì ṣe é tún ṣe. Quelle gba sítóòfù náà padà, wọ́n fún un ní tuntun. Wọ́n wá ní kó san €69.97, owó ìlò, torí ó ti fi èyí àkọ́kọ́ dáná fún ọdún kan ààbọ̀. Wọn kò ṣe é lófo: ẹsẹ 439 nínú BGB fàyè gba òǹtàjà láti béèrè irú owó bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá pààrọ̀ ọjà. Àwọn adájọ́ àgbà Jámánì, tí kóòtù wọn wà ní Karlsruhe, fúnra wọn gbà pé bí òfin ṣe kà nìyẹn, ó kàn ń dùn wọ́n pé kò bójú mu.

Wọ́n kọ̀wé sí Luxembourg. Ní ọjọ́ 17 oṣù Igbe ọdún 2008, Ilé Ẹjọ́ EU sọ nínú ẹjọ́ C-404/06 pé ìlànà 1999/44 ní kí àtúnṣe tàbí pípààrọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Ọ̀fẹ́ náà ní ìdí: òǹtàjà tó gbé ọjà alábùkù fúnni kò tíì ṣe ojúṣe tirẹ̀ tán, oníbàárà sì ti san owó tirẹ̀ pé. Ní oṣù Bélú ọdún yẹn kan náà, Karlsruhe padà sí ẹsẹ 439. Wọ́n kà á ní kíkà tuntun: níbi tí ẹni tó rajà bá jẹ́ oníbàárà lásán, tí kì í ṣe oníṣòwò, owó ìlò kò sí. Láìpẹ́, ilé aṣòfin náà tún ọ̀rọ̀ inú òfin ṣe.

Ẹ fi èyí wé ti Milan. Ìdí tí oníbàárà Jámánì fi jèrè, tí ti Ítálì sì pàdánù, ni pé ní Jámánì, òfin ilé wà tí adájọ́ lè tẹ̀. Ní Milan, ilẹ̀ òfìfo ni. Ilé Ẹjọ́ EU ti sọ ọ́ láti ọdún 1984 pé adájọ́ gbọ́dọ̀ sa gbogbo agbára rẹ̀ láti ka òfin ilẹ̀ rẹ̀ bá ìlànà mu. Ìtẹ̀ yìí ní ààlà o. Bí òfin ilẹ̀ bá kọ “rárá” gedegbe, adájọ́ kò lè kà á sí “bẹ́ẹ̀ ni.” Ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn tó ń lọ ní kóòtù Yúróòpù lónìí kò ju ibi tí ààlà yẹn wà lọ.

Níbi tí títẹ̀ kò bá ti ṣeé ṣe, ìjọba fúnra rẹ̀ lẹ máa pè lẹ́jọ́. Jámánì ló fún wa ní àpẹẹrẹ tó hàn jù. Ìlànà 90/314 ní kí ilé iṣẹ́ tó ń ta ìrìnàjò ìgbafẹ́ ní onídùúró, tó fi jẹ́ pé bó bá wọko gbèsè, owó àwọn arìnrìnàjò kò ní bá a lọ. Ọjọ́ ìkẹyìn ọdún 1992 ni gbèdéke. Jámánì kò ṣe é. Ní ọdún 1993, àwọn ilé iṣẹ́ kan dẹnu kọlẹ̀. Àwọn kan pàdánù owó tí wọ́n ti san, àwọn kan fi owó ara wọn wọkọ̀ padà sílé. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1996, Luxembourg dájọ́ pé kí orílẹ̀-èdè jẹ́ kí gbèdéke kọjá láìṣe ohunkóhun tó láti jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Ìjọba ni yóò san án, bí ìlànà náà bá ní ẹ̀tọ́ kan pàtó fún ẹni tó ń pẹjọ́, tí àdánù rẹ̀ sì so mọ́ àìṣe yẹn tààrà. Ó gùn, ó sì ń náni lówó. Ọ̀nà tí èèyàn ń gbà nígbà tí gbogbo ọ̀nà bá ti dí ni.

Ilẹ̀ Sípéènì ni mo fẹ́ dúró sí pẹ́, torí ibẹ̀ ni ìlànà kan ti wọ inú yàrá ìsùn àwọn èèyàn lọ ní ti gidi.

Ìlànà 93/13 sọ pé gbólóhùn tí òǹtàjà bá ti kọ sínú àdéhùn ṣáájú, tí kò sí ìdúnàádúrà lórí rẹ̀, tó sì dojú òṣùwọ̀n rú sí ìpalára oníbàárà, kò de oníbàárà náà. Gbólóhùn ìrẹ́jẹ ni mo máa pè é. Sípéènì ní òfin tó gbé èyí wọlé. Ibi tí ìṣòro wà ni òfin ìgbésẹ̀ kóòtù wọn. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 2007, ọkùnrin kan tó ń gbé nítòsí Barcelona yá €138,000 lọ́wọ́ báńkì, ó fi ilé tó ń gbé dúró. Ohun tó wà nínú ìwé náà ni pé bó bá kùnà owó oṣù kan ṣoṣo, báńkì lè béèrè gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan náà, àti pé èlé ìjìyà lórí owó tó bá pẹ́ jẹ́ ìdá 18.75 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, owó kò wọlé fún un mọ́. Báńkì lọ sí kóòtù ìgbẹ́sẹ̀lé. Wọ́n gbé ilé náà sí gbàǹjo, kò sẹ́ni tó dá sí i, báńkì wá gbà á ní ìdajì iye tí wọ́n dá lé e. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2011, wọ́n lé e jáde.

Kò sí ibi tó ti lè sọ nínú ìgbẹ́sẹ̀lé yẹn pé gbólóhùn ìrẹ́jẹ ni èyí. Òfin Sípéènì ní kó lọ pe ẹjọ́ ọ̀tọ̀ ní kóòtù mìíràn, tí kóòtù kejì yìí kò sì ní agbára láti dá gbàǹjo dúró. Kí ó tó jàre, ilé ti lọ, owó nìkan ló lè gbà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Ẹrẹ̀nà ọdún 2013, nínú ẹjọ́ C-415/11, Ilé Ẹjọ́ EU ní irú ètò bẹ́ẹ̀ sọ ààbò ìlànà 93/13 di ẹ̀tọ́ ẹnu lásán. Ẹ kíyè sí i dáadáa: ìlànà náà kò sọ ohunkóhun nípa gbàǹjo. Ìlànà oníbàárà sì wọ inú òfin ìgbésẹ̀ kóòtù, ó yí i padà. Láàárín oṣù méjì, Sípéènì gbé òfin 1/2013 jáde tó jẹ́ kí onígbèsè lè gbé ọ̀rọ̀ ìrẹ́jẹ dìde nínú ìgbẹ́sẹ̀lé. Òfin tuntun náà tún ní àbùkù. Nígbà tí adájọ́ bá dá a láre, báńkì lè pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Onígbèsè kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Luxembourg tún dá ìyẹn nù ní oṣù Agẹmọ ọdún 2014.

Lẹ́yìn náà ni ti èlé. Ọ̀pọ̀ báńkì Sípéènì kọ ọ́ sínú ìwé yíyá owó pé bó ti wù kí èlé ọjà já wálẹ̀ tó, tiwọn kò ní lọ sísàlẹ̀ iye kan. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù ní Madrid gbà ní ọjọ́ 9 oṣù Èbìbí ọdún 2013 pé níbi tí oníbàárà kò bá ti mọ ohun tó buwọ́ lù, gbólóhùn náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n wá fi kún un pé owó tí báńkì ti gbà ṣáájú ọjọ́ yẹn kò ní padà, torí ètò ọrọ̀ ajé. Ní ọjọ́ 21 oṣù Ọ̀pẹ̀ ọdún 2016, Luxembourg wọ́gi lé ìkẹyìn yìí. Gbólóhùn tí kò de oníbàárà, kò dè é láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni, owó sì gbọ́dọ̀ padà láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ohun méjì tó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá ní àdéhùn báńkì níbẹ̀ fi sọ́kàn: adájọ́ gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ wo gbólóhùn ìrẹ́jẹ bí ìwé bá ti wà níwájú rẹ̀, kódà bí oníbàárà kò bá mẹ́nu kàn án, bí wọ́n ti sọ ní ọdún 2009 nínú ẹjọ́ Pannon. Adájọ́ kò sì gbọ́dọ̀ tún gbólóhùn náà ṣe. Kò lè sọ pé “ìdá 18.75 pọ̀ jù, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di 6.” Yíyọ ló máa yọ ọ́ kúrò. Bó bá jẹ́ pé adájọ́ ń bá wọn rẹ́ ẹ wálẹ̀, kò sí báńkì tí kò ní kọ èyí tó ga jù, torí ohun tó burú jù tó lè bá a ni pé kí wọ́n fún un ní iye tó bójú mu.

Ìbéèrè tí ó sábà máa ń kọjú sí lọ́yà tó bá ń bá irú ẹjọ́ yìí jà ni pé: ṣé orílẹ̀-èdè lè fún oníbàárà ju ohun tí ìlànà sọ lọ? Ẹ ro ti kóńgò ìrẹsì lọ́jà. Ìyá kan lè wọn ọ́n tán, kó tún da ẹ̀kúnwọ́ lé e, ènì nìyẹn. Òmíràn á fi ọwọ́ pa orí kóńgò náà dọ́gba, kò ní fi nǹkan kan lé e. Irú ìlànà méjèèjì ló wà. Ìlànà 93/13 gba ènì, abala 8 rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìlànà 2011/83 lórí ríra ọjà láti òkèèrè, àti ìlànà 2019/771 lórí ọjà alábùkù, orí wọn ti dọ́gba. Abala 4 ni ẹ ti máa rí i nínú àwọn méjèèjì pé orílẹ̀-èdè kò gbọ́dọ̀ yà sí òkè tàbí ìsàlẹ̀, àfi níbi tí ìlànà náà bá ti ṣí ilẹ̀kùn.

Ilẹ̀kùn yẹn ló sì ń fa ìdàrúdàpọ̀ fún àwọn tó ń kó lọ láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Ìlànà 2019/771 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2022. Ó ní kí òǹtàjà dáhùn fún àbùkù fún ọdún méjì, kí a sì kà á pé àbùkù tó bá yọ láàárín ọdún àkọ́kọ́ ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àfi tí òǹtàjà bá fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ kí orílẹ̀-èdè fi kún ọdún náà, kí wọ́n sì sọ ọdún kan tí ẹ̀rí wà lọ́rùn òǹtàjà di méjì. Jámánì dúró sí méjì àti ọ̀kan. Faransé mú méjì àti méjì. Sípéènì àti Pọ́túgà mú mẹ́ta àti méjì. Ẹ̀rọ ìfọṣọ kan náà, tó bàjẹ́ ní oṣù kejìdínlógún, oníbàárà Berlin ló máa fi ẹ̀rí hàn pé láti ilé iṣẹ́ ni àbùkù ti wá. Ní Madrid, òǹtàjà ló máa fi hàn pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti bá ilé iṣẹ́ jà lórí ẹ̀rọ mọ̀ pé ẹni tí ẹ̀rí wà lọ́rùn rẹ̀ ló sábà máa ń pàdánù.

Ìlànà olórí-dídọ́gba lè gba nǹkan lọ́wọ́ oníbàárà pẹ̀lú, a kò sì gbọdọ̀ fi bò. Òfin tí Faransé ṣe ní ọdún 1998 lórí ọjà tó ṣeni léṣe jẹ́ kí èèyàn gba owó ìbàjẹ́ ohun ìní tó kéré sí €500. Ìlànà 85/374 yọ iye yẹn sílẹ̀. Ní ọdún 2002, nínú ẹjọ́ C-52/00, Luxembourg dá Faransé lẹ́bi pé ó ṣe oore jù. Ti Bẹ́ljíọ̀mù tún wà. Òfin wọn kò gba kí ọlọ́jà so ọjà kan mọ́ òmíràn láti fi fa oníbàárà. Ní ọdún 2007, ilé epo Total ń fún oní káàdì wọn tó bá ra epo tó tó lítà 25 sínú mọ́tò ní ìrànlọ́wọ́ ọ̀fẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Àwọn olùdíje gbé wọn lọ sí kóòtù. Luxembourg ní ìlànà 2005/29 ti to ìwà 31 tí a kà léèwọ̀ ní gbogbo ìgbà jọ sí òpin ìwé, kíkó ọjà pọ̀ báyìí kò sí níbẹ̀, torí náà Bẹ́ljíọ̀mù kò lè kà á léèwọ̀ pátápátá. Adájọ́ ló gbọ́dọ̀ wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá ó ṣi oníbàárà lọ́nà. Èrò tèmi ni pé ìdájọ́ yìí tọ̀nà nínú òfin, ó sì ti sọ iṣẹ́ àwọn tó ń ṣọ́ ọjà di ìlọ́po: òfin tó rọrùn láti mú ṣẹ lọ, ẹjọ́ tó gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí ló rọ́pò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀kalẹ̀ sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, ọjọ́ 14 tí ìlànà 2011/83 fún èèyàn láti dá ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì padà. Ọjọ́ tí ọjà tẹ̀ yín lọ́wọ́ kò sí nínú kíkà. Ọjọ́ kejì ni ọjọ́ kìíní. Bí ọjọ́ kẹrìnlá bá bọ́ sí Sátidé, Sunday tàbí ọjọ́ ìsinmi gbogbogbòò, ó sún sí ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e. Kí ẹ ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ kó tó pé ni ó ṣe pàtàkì, kì í ṣe kí ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Dídá ọjà padà láìsọ nǹkan kan kò tó. Ẹ kọ ímeèlì tó sọ gbangba pé ẹ ti jáwọ́ nínú àdéhùn, tàbí kí ẹ lo fọ́ọ̀mù tó wà lẹ́yìn ìlànà náà. Láti ọjọ́ tí ẹ bá sọ, òǹtàjà ní ọjọ́ 14 láti dá owó padà, pẹ̀lú owó ìfiránṣẹ́ àkọ́kọ́ ní iye tó kéré jù tí òun fúnra rẹ̀ ń gbà, ṣùgbọ́n ó lè di owó náà mú títí ọjà yóò fi dé tàbí tí ẹ bá fi ẹ̀rí hàn pé ẹ ti fi ránṣẹ́. Ẹ̀yin ni ẹ máa san owó ìdápadà, àfi tí kò bá sọ fún yín ṣáájú. Tí kò bá sì sọ fún yín rárá pé ẹ̀tọ́ ìdápadà wà, ọjọ́ 14 náà á gùn sí i pẹ̀lú oṣù 12.

Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ń fi àyọkúrò lé oníbàárà sẹ́yìn. Wọ́n á ní ẹ ti tú ọ̀rá ara ọjà, torí ìmọ́tótó, kò sí ìdápadà. Ìlànà náà yọ ọjà tí wọ́n fi nǹkan dì fún ìlera àti ìmọ́tótó sílẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ nígbà tí ọmọ Jámánì kan ra fóòmù ìbùsùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó sì ya ọ̀rá ara rẹ̀, Luxembourg sọ ní oṣù Ẹrẹ̀nà ọdún 2019, ẹjọ́ C-681/17, pé fóòmù dà bí aṣọ. Aṣọ tí èèyàn gbé wọ̀ wò ṣeé fọ̀, ó ṣeé tún tà. Fóòmù òtẹ́ẹ̀lì náà kì í ṣe ẹnì kan ló ń sùn lé e. Àyọkúrò náà mọ sí ọjà tí kò ṣeé tún tà mọ́ rárá lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tú u. Ohun tí kò ní ìdápadà ní tòótọ́ ni èyí tí wọ́n ṣe sí ìwọ̀n yín. Ẹni tó bá ra kábọ́ọ̀dù ilé ìdáná tí wọ́n máa gé bá ògiri ilé rẹ̀ mu, ẹ̀tọ́ náà kò sí, kódà bí wọn kò bá tíì fi ayùn kan pákó. Ìdájọ́ ọdún 2020 nìyẹn, ẹjọ́ C-529/19.

Bí ọ̀rọ̀ bá wá di ìjà, ọ̀dọ̀ òǹtàjà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó lé yín lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe ọjà. Gárántì ilé iṣẹ́ jẹ́ ẹ̀bùn, òǹtàjà ni òfin mọ̀. Nínú lẹ́tà yín, ẹ dárúkọ ẹsẹ òfin ilẹ̀ tí ẹ wà ṣáájú, kí ìlànà EU tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí ìdí tí ẹsẹ yẹn fi gbọ́dọ̀ túmọ̀ sí ohun tí ẹ sọ. Lẹ́tà tó bá dárúkọ ìlànà nìkan, lọ́yà wọn á kàn kọ̀wé padà pé kò de àwọn, òótọ́ ló sì ń sọ. Ẹ béèrè àtúnṣe tàbí pípààrọ̀ kí ẹ tó béèrè owó, torí ètò ìlànà 2019/771 nìyẹn. Ireland yàtọ̀ díẹ̀: òfin ọdún 2022 wọn fún oníbàárà ní ọjọ́ 30 àkọ́kọ́ láti já àdéhùn sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ nítorí àbùkù, ilẹ̀kùn ìlànà gbà á. Ẹ tọ́jú rìsíìtì, àwòrán àbùkù àti ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ sọ fún wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Peckham tàbí Manchester, tiyín ti yàtọ̀. Ọjọ́ ìkẹyìn ọdún 2020 ni òfin EU parí iṣẹ́ ní Bìrìtìkó. Consumer Rights Act 2015 kò kúrò, torí òfin ilé aṣòfin wọn ni: ọjọ́ 30 láti kọ ọjà alábùkù, oṣù mẹ́fà tí ẹ̀rí wà lọ́rùn òǹtàjà, ọdún mẹ́fà láti pẹjọ́ ní England, márùn-ún ní Scotland. Ohun tó lọ ni awò. Láti ìparí ọdún 2023, òfin EU kò ní ipò àjùlọ lórí òfin Bìrìtìkó mọ́, ìdájọ́ tuntun láti Luxembourg kò sì de adájọ́ London. Àwọn ẹ̀tọ́ kan sì wà níbẹ̀ tí kò wá láti Brussels rí. Ẹsẹ 75 nínú Consumer Credit Act 1974 jẹ́ kí ẹni tó fi káàdì gbèsè ra ohun tó ju £100 lọ, tí kò ju £30,000 lọ, pe báńkì tó ni káàdì náà lẹ́jọ́ bí òǹtàjà bá já a kulẹ̀. Bí ṣọ́ọ̀bù bá ti kógbá sílé, ẹsẹ yẹn ni kí ẹ sáré lọ bá.

Níbi tí òǹtàjà bá wà ní orílẹ̀-èdè EU kan, tí ẹ̀yin sì wà ní òmíràn, ojú òpó EU tí wọ́n ti ń gba ẹ̀sùn ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì ti kógbá wọlé láti ọjọ́ 20 oṣù Agẹmọ ọdún 2025. Bí ẹ bá ṣì rí ìjápọ̀ rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ojú ewé ṣọ́ọ̀bù kan, kò já síbì kan. Ọ́fíìsì ECC (European Consumer Centre, tó ń ran oníbàárà lọ́wọ́) tó wà ní orílẹ̀-èdè yín ni kí ẹ kọ̀wé sí, ọ̀fẹ́ ni. Bí ìyẹn kò bá yọrí, ètò ẹjọ́ kékeré ti EU wà fún ohun tí kò ju €5,000 lọ, yàtọ̀ sí Denmark. Fọ́ọ̀mù A ni ẹ máa kọ, kò dandan kí ẹ gba lọ́yà. Bí òǹtàjà náà bá ń darí ọjà rẹ̀ sí ilẹ̀ yín, bóyá ó ń kọ èdè ibẹ̀ tàbí ó kéde pé òun ń fi ọjà ránṣẹ́ síbẹ̀, kóòtù ìlú yín ni kí ẹ mú fọ́ọ̀mù náà lọ.